Sáàrì Tí Ìwúkàrà Jẹ

Ìtàn yìí kò bá ti ìjàpá lọ, kò bá ti ẹkùn bọ̀. Obìnrin kan ló dá lé lórí, ní Òkè-Ṣopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì tíì pẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn a yára rìn, bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́ ọ̀nà.

Nimotalahi ni orúkọ rẹ̀. Lójú rẹ̀, Ìyá Aqeelah ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ ilé ọkọ ní Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ológógóró ni.

Orúkọ kejì yìí, kò jí i, kò rà á. Òde-Omi létí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ tọmọdé tàgbà. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń da àwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin kan ń se ògógóró lẹ́yìnkùlé, ìyá rẹ̀ sì wà lára wọn. Ògùrọ̀ ni wọ́n ń dà sínú àgbá. Bí ògùrọ̀ ò bá tó, wọn a bu ṣúgà lé e, wọn a bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan dáadáa, kí wọ́n tó gbé e ka iná, kí ọtí tó máa kán jáde lẹ́nu páìpù. Ọtí yẹn ni wọ́n fi tọ́ Nimotalahi dàgbà, kò sì mọ̀ ọ́n sí ẹ̀gàn, àfìgbà tí ó fẹ́ Àlímì, bíríkìlà, ọmọ Òkè-Ṣopẹ́n, tí ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Ó kọ́ ìrun kíkí. Ó ń gba ààwẹ̀ ju àwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Kò fi ẹnu kan ọtí mọ́, kò fọwọ́ kan ìgò rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó lọ sin ín, ó sì wọ ọkọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀, kí ó má baà jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín ọtí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ayé bá sọ ènìyàn, ayé ló ni ín, ẹni tó ń jẹ́ ẹ kọ́.

Nínú mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, àṣà kan wà. Bí oṣù Ràmàdáànì bá ti wọlé, ilé kan ni yóò máa gbọ́ ìṣínu fún gbogbo jamáà lọ́jọ́ kan. Obìnrin ilé yẹn ni yóò dáná, òun náà ni yóò bu oúnjẹ sí abọ́, gbogbo aláàwẹ̀ á sì ṣàdúrà lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà ju oúnjẹ lọ. Ẹni tí wọ́n bá jẹ́ kí ó gbọ́ ìṣínu, wọ́n ti gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Alhaja Shukurat tí í ṣe Ìyá Àdínnì ló ń pín in, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí Nimotalahi ti wọ ilé ọkọ títí tí Àlímì fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìṣínu kò kàn án rí. Bó bá yọjú síbi tí wọ́n ti ń pín in, Alhaja a rẹ́rìn-ín sí i, a ní kí Ìyá Aqeelah má ṣe wàhálà, kí ó ṣáà bá àwọn fọ abọ́. Abọ́ ló ń fọ̀. Ọdún á yí, á tún wá fọ abọ́. Ọwọ́ tó mọ́ tó láti fọ abọ́ ni kò mọ́ tó láti bu oúnjẹ sí i.

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó lọ ń gbá ilẹ̀, ó ń pọn omi ní ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá. Ọmọ òkè lọ́hùn-ún ni Ẹ̀bùnọlá, ó wá kàwé nípa àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò rí. Baba rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó tuntun, ó sì ti gbàgbé pé òun ní ọmọ nílé ìwé. Nimotalahi bá gbà á lọ́mọ. Bó bá se oúnjẹ, ti Ẹ̀bùnọlá ló kọ́kọ́ ń yọ sílẹ̀. Nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá ọmọ náà gúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ ìdánwò, tí kò sí ọ̀kadà lójú títì, ẹ̀yìn ló fi pọ̀n ọ́n dé ọsibítù, ọmọ tó ga jù ú lọ. Kò bá a wí rí. Bí àwọn ará ilé bá ní ó ń kẹ́ ẹ jù, á ní ẹni tí kò ní ìyá nítòsí, kò sí ohun tó ń jẹ́ àkẹ́jù fún un. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sọ fún un, títí kan ti àgbá ọtí ìyá rẹ̀ ní Òde-Omi, tí kò sọ fún ẹlòmíràn ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Ẹ̀bùnọlá kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó jáde ní yunifásítì, tó ríṣẹ́ sí kọ́ńpìnnì kan lójú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, tí ipò rẹ̀ sì ga díẹ̀, ó wá mú Nimotalahi láti ibi tó ti ń pọn omi, ó fi í síbi iṣẹ́ lábẹ́ ara rẹ̀. Ìwúkàrà ni kọ́ńpìnnì náà ń ṣe, yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pò mọ́ ìyẹ̀fun. Táńkì irin kan wà níbẹ̀ tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, inú rẹ̀ ni ìwúkàrà ń gbé. Omi ṣúgà dúdú kan, tó ki bí oyin, tí wọ́n ń rí lára ìrèké, ni oúnjẹ rẹ̀. Iṣẹ́ Nimotalahi ni láti dúró ti táàpù tí omi ṣúgà náà ń gbà wọlé.

Ẹ̀bùnọlá fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní ìwúkàrà kì í ṣe ìyẹ̀fun, ohun abẹ̀mí ni, ìbátan olú tí ń hù lára igi jíjẹrà, àfi pé ẹyọ kan rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí ṣúgà bá ń kán sí i díẹ̀díẹ̀, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀, kò ní ṣe ohun mìíràn ju ọmọ bíbí lọ. Ìyá á bí ọmọ, ọmọ á bí ọmọ, táńkì á kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n ń fún gbẹ, tí wọ́n ń dì, tí wọ́n ń tà. Bí ṣúgà bá wọ́n jù, ebi á pa á, kò ní bí tó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, á gbàgbé ọmọ. Atẹ́gùn ìbáà máa fẹ́ bí ìjì, ọtí ni yóò máa fi ṣúgà yẹn ṣe.

Bí Nimotalahi ṣe gbọ́ ọtí, ó sún sẹ́yìn. Ó ní òun kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí ọtí ti lè jáde.

"Màmá, táàpù ni kò ní jẹ́ kó jáde," ni Ẹ̀bùnọlá wí. "Ọwọ́ yín ló sì wà."

Ó bá dúró. Ó sì mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀bùnọlá ló ń fi irinṣẹ́ wo bí ṣúgà inú táńkì ti pọ̀ tó, tí yóò na ìka sókè tàbí kó nà án sísàlẹ̀, Nimotalahi á sì yí táàpù bó ṣe wí. Nígbà mìíràn a máa bá ìwúkàrà náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lẹ́kọ mu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pàápàá Qowiyyu, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìrun àsárì ní ìrọ̀lẹ́. Ará mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n. Qowiyyu kò níkà nínú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn.

Ràmàdáànì kan wá dé tí ọ̀wọ́n gògò gbòde. Àwọn ilé tó ti ń gbọ́ ìṣínu tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara wọn, èyí ní ọmọ òun ò tíì ránṣẹ́, tọ̀hún ní ara òun kò yá. Àyè ṣófo. Ìgbà yẹn ni Alhaja Shukurat tó rántí pé Ìyá Aqeelah wà láyé. Ó ránṣẹ́ pè é, ó fún un ní ọjọ́ kan. Nimotalahi mọ̀ pé àyè tó ṣófo ni wọ́n fi òun dí. Kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fún ní ìdí àpótí, kó kọ́kọ́ jókòó ná. Lọ́kàn rẹ̀, ó mọ̀ pé bí jamáà bá fi lè jẹun lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì yó, tí wọ́n ṣàdúrà, orúkọ kejì yẹn á bọ́. Ohun tó ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé.

Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọládàpọ̀ ní Òde-Omi pé kó bá òun ya ẹja ńlá sọ́tọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ sè, pẹ̀lú ògì gbígbóná àti àkàrà. Ẹja dé. Ewùrà dé. Ohun tí kò dé ni àyè. Ní kọ́ńpìnnì náà, lébìrà tí kò bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kó bá ẹlòmíràn nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, ó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú èrò pé bí wọ́n bá ti pe ìrun àìlà lọ́sàn-án, òun á sáré lọ dáná. Ṣùgbọ́n Qowiyyu kò ní dé títí di àsárì. Ta ni yóò dúró ti táàpù?

Orí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì ni èrò kan ti bá a. Ó wo ara rẹ̀. Láti òwúrọ̀ kùtù tó ti jẹ sáàrì ni kò ti fi nǹkan kan sẹ́nu, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́, kò sì dákú. Aláàwẹ̀ á jẹun yó nídàájí, oúnjẹ yẹn á gbé e di ìrọ̀lẹ́. Kí ló dé tí ìwúkàrà náà kò lè jẹ sáàrì? Kí òun fún un ní ti àìlà àti ti àsárì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí Qowiyyu fi máa dé. Ó rántí ohun tí Ẹ̀bùnọlá kọ́ ọ nípa ọtí, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rántí àgbá ìyá rẹ̀. Ní Òde-Omi, bí wọ́n bá bu ṣúgà sí ògùrọ̀, ọjọ́ á yí lu ọjọ́ kó tó di ohun tí a lè sè. Kí ni wákàtí díẹ̀ lè ṣe? Kò mọ̀ pé ìwúkàrà inú àgbá Òde-Omi dà bí èrò ọjà abúlé, ti inú táńkì sì dà bí èrò Èkó. Ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ jẹ lọ́hùn-ún, wọ́n lè jẹ ẹ́ tán níbí kí ènìyàn tó dáná kan.

Kò dá a ṣe. Ó lọ bá Ẹ̀bùnọlá nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lókè àkàbà, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó bi í bóyá kò ní di ọ̀ràn. Ẹ̀bùnọlá ti wọ aṣọ ìjáde sábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Àwọn òbí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti dé Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ń dúró dè é, fóònù rẹ̀ kò sì dákẹ́. Òun náà fẹ́ lọ. Bí Nimotalahi bá jókòó ti táàpù, òun náà gbọ́dọ̀ jókòó ti irinṣẹ́.

"Màmá, ẹ ṣí i sílẹ̀," ló wí, ojú rẹ̀ wà lára fóònù. "Kò sóhun tí yóò ṣe. Bí ẹ bá ti ṣí i tán, ẹ máa lọ."

Ẹni tó kàwé rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Nimotalahi ṣí táàpù, omi ṣúgà dúdú ya wọlé. Ó dúró wò ó títí ó fi tó, ó tì í pa, ó gun ọ̀kadà, ó dilé.

Ẹ ò rí irú ìkọ́kọrẹ́ tí obìnrin náà sè lọ́jọ́ yẹn. Ó wẹ̀ kó tó dáná, ó tún wẹ̀ lẹ́yìn tó dáná tán, ó wọ híjáàbù funfun tí Aqeelah rà fún un. Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀gáríbì, tí àwọn ènìyàn fi dàbínù àti omi ṣínu, tí wọ́n kírun tán, òun fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ. Alhaja Shukurat fi ìka ṣán díẹ̀ wò, ó tún ṣán èkejì.

"Irú ọwọ́ yìí wà nílé," ni Alhaja wí, "àwa ń fi í fọ abọ́."

Gbogbo obìnrin rẹ́rìn-ín. Nimotalahi náà rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí omi tó dé ojú rẹ̀. Bí ìtàn bá lè parí níbi tó wu ẹni tó ń sọ ọ́, ibẹ̀ ni mi ò bá ti pa á dé.

Qowiyyu wọlé. Ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, sòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Kí ó tó jókòó ni òórùn ti ṣíwájú rẹ̀ dé, òórùn ọtí, tí kò sí ọmọ Òde-Omi tí kò ní dá a mọ̀.

"Ìyá Aqeelah, ẹ mà kú iṣẹ́ o," ló wí, ó ń fẹyín. "Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti ṣí ẹ̀ka Òde-Omi sí kọ́ńpìnnì."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí Qowiyyu ni. Ẹnì kan ní kó sọ ọ́ kó yé wọn. Ó sọ ọ́. Ó ní òun dé ní àsárì, òun bá táńkì tó ń hó, ìfófó rẹ̀ ya láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní àwọn alábòójútó wá yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, ìwúkàrà ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọtí ló kún ibẹ̀, wọ́n bá ní kí àwọn máa lọ ilé. Ó ní àwọn mégáàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò mu nǹkan kan, òórùn lásán ni wọ́n gbọ́, síbẹ̀ orin ni wọ́n ń kọ. Ó rò pé àwàdà ni òun ń ṣe. Nígbà tó fi máa wojú àwọn ènìyàn, ẹ̀rín ti tán.

Bàbá àgbà kan gbé abọ́ rẹ̀ súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀. Òórùn Qowiyyu ló gbọ́, kì í ṣe ti oúnjẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún un? Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Alhaja Shukurat na ọwọ́ tó fi ń jẹun sínú omi, ó fọ̀ ọ́, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

"Nimotalahi," ló wí. Kò pè é ní Ìyá Aqeelah mọ́. "Níbo lo ti ń bọ̀ kí o tó dáná yìí?"

"Ibi iṣẹ́ ni, Alhaja."

"Ṣé o wẹ̀?"

"Mo wẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ilé ń pè wọ́n. Òun nìkan ló kó abọ́ jọ, oúnjẹ ṣì wà nínú wọn, ó sì fọ̀ wọ́n.

Ní òwúrọ̀, kí ó tó dé kọ́ńpìnnì, ó ti ro ọ̀rọ̀ náà yíká. Bí wọ́n bá lé òun, kí wọ́n lé òun. Ṣùgbọ́n ẹnu kan wà tó lè wẹ òun mọ́. Kí Ẹ̀bùnọlá ṣáà sọ pé òun mọ̀ sí i, pé àṣìṣe ni, pé kì í ṣe pé wọ́n ń pọn ọtí, Nimotalahi á wá mú Qowiyyu dání lọ bá Alhaja, kó wá tún ohun tó sọ sọ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Ọ̀gá Oyètọ́lá tó ni àṣẹ ibẹ̀ pè wọ́n. Ó kọ́kọ́ bi Ẹ̀bùnọlá. Ẹ̀bùnọlá ní òun ti kọ́ Màmá pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ ọ, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé òun kọ́ wọn. Ó ní òun jáde díẹ̀ láti lọ gba nǹkan, òun kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Ọ̀gá ní kí ló lè mú kí obìnrin tó ti ń ṣe é dáadáa ṣí táàpù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùnọlá ní òun kò fẹ́ fi ẹnu kan ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n ògógóró ni wọ́n ń sè nílé wọn ní Òde-Omi.

Àwọn àgbà ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nimotalahi kò mọ̀ pé ojú lè ta ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bi òun, ó sọ bó ṣe rí. Ó ní, "Èmi ni mo mú àbá wá. Òun ló ní kí n ṣe é."

Ọ̀gá yíjú sí Ẹ̀bùnọlá. Ìyẹn wo ilẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Ẹ má bínú sí wọn, sà. Màmá ti ń dàgbà, ààwẹ̀ sì ń mú wọn."

Ìyẹn ló dùn ún jù. Bó bá ti parọ́ pẹ̀lú ìbínú, òun ì bá mọ ibi tí òun yóò dì í mú. Nígbà tí Ọ̀gá ní iṣẹ́ rẹ̀ ti tán níbẹ̀, ó bọ́ bàtà rọ́bà kọ́ńpìnnì, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó sì lọ.

Ó lọ bá Alhaja Shukurat nílé. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, ti sáàrì, ti táàpù, ti Ẹ̀bùnọlá. Alhaja gbọ́ ọ tán, ó ní òun gbà á gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n jamáà kì í ṣe ènìyàn kan, ohun tó sì wọ imú wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu òun nìkan kò lè lé e jáde. Ó ní kí ọmọbìnrin náà wá jókòó níwájú àwọn obìnrin mọ́sáláṣí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ní kí wọ́n ṣí i. Bó bá ti sọ ọ́, ọjọ́ kan nínú ìṣínu àmọ́dún, ti Ìyá Aqeelah ni. Nimotalahi dúpẹ́.

Kí Ràmàdáànì tó parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọládàpọ̀ wá kí i láti Òde-Omi. Ọládàpọ̀ kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ọtí kan ti kọ́ńpìnnì àbúrò òun jáde o, ọkọ̀ ti fi àgbá kó o wá sí etí omi, àwọn tó ń sè é ti rà á, wọ́n ti sè é.

"Àbúrò, màmá wa gan-an kò se irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá mu ún ń béèrè ọwọ́ tó pọn ọ́n."

Nimotalahi gbé omi fún un. Ó bi í léèrè àwọn ọmọ. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń rò ó pé wọ́n lé òun nítorí pé òun ba ọjà jẹ́, wọ́n sì ta ọjà náà.

Ọjọ́ kẹta ọdún ìtúnu ni Ẹ̀bùnọlá wá. Ó gbé ìrẹsì wá, ó gbé òróró, ó ra léèsì. Ó kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí Nimotalahi jókòó sí, ó sì ń sunkún, ẹkún náà kì í sì í ṣe ti ètè. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé òun ga, ìgbéyàwó sì ti dé tán, òun kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu òun. Ó ní ohunkóhun tí Màmá bá fẹ́, òun á ṣe é.

Nimotalahi ní òun kò fẹ́ ìrẹsì. Ó ní kó dìde kí àwọn lọ sọ́dọ̀ Alhaja, kò jìnnà, àwọn obìnrin wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ torí ọdún. Ohun tó fẹ́ kò ju kó sọ òótọ́ lọ.

Ẹkún Ẹ̀bùnọlá dúró. Ó ní Qowiyyu wà nínú mọ́sáláṣí yẹn, bó bá gbọ́, ó dé etí Ọ̀gá nìyẹn. Ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun máa tọ́jú wọn lóṣooṣù dípò rẹ̀, títí ayé.

Nimotalahi ti àpò ìrẹsì náà padà síwájú rẹ̀.

"Mi ò bá ọ jà," ló wí. "Èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí o wà ní Àgọ́-Ìwòyè, mi ò fi díẹ̀díẹ̀ bọ́ ọ. Mo ṣí i sílẹ̀ ni. Gbé ẹrù rẹ."

Ẹ̀bùnọlá gbé e. Ó wúwo, ó gbé e lẹ́ẹ̀mejì kó tó kó o tán dé ìta, Nimotalahi kò sì bá a gbé nínú rẹ̀.

Ràmàdáànì mìíràn dé, wọ́n pín ìṣínu, kò kan Nimotalahi. Wọn kò tún ní kó wá fọ abọ́ mọ́. Nínú oṣù náà, ẹ̀gbọ́n Alhaja Shukurat kú lójijì, obìnrin àgbà. Àwọn tó mọ òkú Mùsùlùmí wẹ̀ ládùúgbò ti rìnrìn àjò, ó ku Nimotalahi, tó kọ́ ọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Kì í kọ̀ fún òkú, ó sì lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú arábìnrin náà dé, ó wẹ̀ ẹ́ bó ti tọ́, ó fi kánfọ̀ sí i, ó wé e. Alhaja dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti sìnkú dé, ìrun mọ̀gáríbì ti pé. Abọ́ ńláńlá wà láàárín ilé, gbogbo ènìyàn jókòó yí i ká, ọwọ́ wọn ń pàdé nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbé abọ́ kékeré kan fún Nimotalahi lórí àga nítòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bò ó dáadáa, wọ́n fi ṣíbí rọ́bà tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù sórí rẹ̀. Alhaja rí i, ó sì yíjú sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Nimotalahi kò ṣí abọ́ náà. Ó kí wọn pé wọ́n kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n dá a lóhùn, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ láìtíì ṣínu.